Omi Ọjọ́ Mẹ́ta àti Ẹja Ará Ilé

Nígbà tí a sin Ìyá Àgbà lóṣù tó kọjá, ẹni mẹ́ta ló dìde sọ̀rọ̀ nípa wọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì sọ pé ẹni ọdún márùnlélọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n. Irọ́ ni. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọmọ wọn àkọ́kọ́ jókòó, mo ṣírò rẹ̀ lórí ìka, kò ju márùndínlọ́gọ́rùn-ún lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún sọ pé ìyá tó bọ́ gbogbo ènìyàn ni wọ́n. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ohun tí wọ́n fi bọ́ wa ni ẹnikẹ́ni ò sọ. Wọn ò fún èmi láyè láti sọ̀rọ̀, n kò sì bèèrè. Mo ti di ìyá àgbà fúnra mi, ara mi ò gba ariwo mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé mẹ́fà tí mo kà tó mi í kọ èyí, mo sì fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìyá bàbá mi ni wọ́n. Ọmọ ọdún méjì ni mí nígbà tí ìyá mi gbé mi fún wọn, tó lọ ṣòwò ní Agége. Abẹ́ òrùlé wọn ni mo dàgbà sí, abẹ́ òrùlé náà ni mo sì padà sí nígbà tí ọkọ mi kú. Nítorí náà, kì í ṣe ẹni tí kò mọ̀ wọ́n ló ń sọ̀rọ̀.

Gbogbo àdúgbò wa, Ilo-Awela, ló mọ̀ wọ́n sí Ìyá Olómi. Ẹja àrọ̀ ni wọ́n ń sìn, nínú kòtò ńlá tí bàbá wọn gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ odò kékeré kan nígbà tí ilé iṣẹ́ ò tíì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Omi odò yẹn ló ń wọ inú kòtò. Ẹ mọ bí ẹja kòtò ṣe máa ń rùn ẹrẹ̀. Ìyá Àgbà ò jẹ́ ta ẹja tó ń rùn ẹrẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí a bá kó ẹja lónìí, inú àwọn dúrọ́ọ̀mù búlúù tó tò sẹ́yìnkùlé ni ó ń lọ, nínú omi kànga tó mọ́ gaara, a ò sì ní fún un lóúnjẹ kankan. Láàárọ̀ a máa da omi náà nù, a máa fa tuntun. Nírọ̀lẹ́ a máa tún un ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Lọ́jọ́ kẹrin, inú ẹja ti mọ́, ara rẹ̀ ń dán, bí ẹ bá gbé e sún imú, omi nìkan lẹ máa gbọ́ òórùn rẹ̀.

Obìnrin kan wá láti ọ̀nà Too-Geeti lọ́jọ́ kan pẹ̀lú mọ́tò. Àlejò ọkọ rẹ̀ ti wà nílé, ó fẹ́ ẹja mẹ́fà. Ọjọ́ méjì péré ni èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù ti lò. Obìnrin náà ní kò sí wàhálà, òun á fi owó lé e, ó tiẹ̀ ti bu ẹja sínú abọ́ ara rẹ̀. Ìyá Àgbà gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n da ẹja padà sínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n sì dá abọ́ rẹ̀ lófìfo padà fún un. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ń kánjú, kó lọ ra ẹja inú fíríìsà."

Báyìí ni wọ́n ṣe lórúkọ. Àwọn onílé oúnjẹ ní Ṣàngó ń rán ènìyàn wá, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ń wá. Wọ́n ní kò sí ẹja tó mọ́ tó ti Ìyá Olómi. Òótọ́ sì ni.

Ẹnu wọn ò dáa. Mo ní láti sọ ìyẹn náà, torí lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn ènìyàn ní ọ̀rọ̀ wọn tutù bí omi amù. Omi amù wo? Ṣọ́ọ̀ṣì tuntun kan wà lẹ́yìn ògiri wa. Bí wọ́n bá fọ ilẹ̀ ní Sátidé, omi ọṣẹ wọn máa ń gba abẹ́ ògiri wọlé sẹ́bàá kànga. Ìyá Àgbà ránṣẹ́ sí wọn lẹ́ẹ̀kan. Ní Sátidé kejì, omi tún wọlé. Ìyá Àgbà ní kí n fi agolo gbọ́n ọn sínú garawa. Garawa méjì kún. Ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́, Ìyá Àgbà fúnra wọn gbé garawa kan, èmi gbé èkejì, a gba iwájú wọlé dé ibi tí pásítọ̀ dúró sí, a sì gbé méjèèjì kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Orin dákẹ́. Ìyá Àgbà ní, "Omi yín rèé. Ẹ gbàgbé rẹ̀ sílé mi."

Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, n kò ní purọ́. Ó máa ń dùn bí kì í bá ṣe ìwọ ni ẹnu wọn wà lára.

Nígbà tí mo parí ìwé mẹ́fà, èmi ni mo gba ipò kìíní láàárín àwọn ọmọbìnrin. Tísà wa gun kẹ̀kẹ́ wá sílé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n tẹ̀ síwájú, òun á bá wa wá ọ̀nà tí owó rẹ̀ ò ní pọ̀. Ìyá Àgbà ò ní kó dìde, wọn ò ní kó jókòó. Wọ́n ń bá ẹja tí wọ́n ń ṣà lọ. Nígbà tó ṣe, tísà dìde fúnra rẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá Àgbà ní, "Ìwé tó kà yẹn ti tó ka ẹja." Tísà gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Mo ka ẹja fún ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ìyẹn, kí n tó lọ sílé ọkọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣa ẹja, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí àwọ̀n bá ti gòkè, bàsíà mẹ́ta ni a ń gbé kalẹ̀. Ọ̀kan fún ńlá, ọ̀kan fún èyí tó wà láàárín. Ẹ̀kẹta wà fún àwọn tí nǹkan ti ṣe: èyí tí àwọ̀n bó láwọ, èyí tó fi orí gbá òkúta, èyí tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bù jẹ. Irú ẹja bẹ́ẹ̀ ò lè lo ọjọ́ mẹ́ta láìjẹun nínú dúrọ́ọ̀mù. Ó máa kú síbẹ̀, ó sì máa ba omi jẹ́ fún àwọn tó kù. Ìyá Àgbà ò lè rí kí nǹkan ṣòfò. Nítorí náà, ọjọ́ náà gan-an ni bàsíà kẹta ń wọ ìkòkò, àwa ọmọ ilé la sì ń jẹ ẹ́. Ọmọ ọmọ mọ́kànlá ló jẹun nínú ìkòkò yẹn. Ẹja pọ̀ nínú ọbẹ̀ wa ju ti ọmọ olówó lọ, ó kàn máa ń rùn ẹrẹ̀ ni. Mo ti bèèrè nígbà kan, mo lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, pé kí ló dé tí àwa kì í jẹ ti dúrọ́ọ̀mù. Wọn ò bínú. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo bèèrè ìdí tí ilẹ̀ fi wà nísàlẹ̀. "Ẹ̀yin kì í ṣe oníbàárà."

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó ríṣẹ́ sí láàbù, ilé ìwádìí, ní yunifásítì kan lọ́dọ̀ wa. Ìgò ni wọ́n gbà mí láti máa fọ̀, ìgò wẹ́wẹ́ tó tó ìka ọmọdé. Ọ̀gá mi jẹ́ obìnrin tí mo lè bí lọ́mọ. Dókítà ni gbogbo wa ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́, dókítà ìwé ni. Ohun tó ń wá ni bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ ṣáájú bóyá kẹ́míkà tó bọ́ sómi máa dúró sára ẹja tàbí kò ní dúró. Ó ní tẹ́lẹ̀, ẹja àáyè ni wọ́n ń dà sínú omi oníkẹ́míkà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, wọn á tún kó o sínú omi mímọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, wọn á máa pa á ní méjì méjì wò. Ẹja ń ṣòfò, àkókò ń ṣòfò. Èyí tí òun ń ṣe, ẹ̀dọ̀ ẹja nìkan ló ń lò, torí ẹ̀dọ̀ ló ń fọ́ nǹkan burúkú wẹ́wẹ́ kí ara tó lè tì í jáde.

Ó máa lọ ẹ̀dọ̀ tútù kúnná lórí yìnyín, ó máa pín in sínú ìgò wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn, ó máa gbé wọn sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi ti kòtò, ó máa wá kán kẹ́míkà sí i. Bó bá pé ìṣẹ́jú mélòó kan, ó máa mú ìgò kan, ó máa da nǹkan sí i kí iṣẹ́ inú rẹ̀ dúró. Bó bá tún ṣe díẹ̀, ó máa mú òmíràn. Ẹ̀rọ kan ló ń sọ iye kẹ́míkà tó ṣẹ́kù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń dín kù, ẹ̀dọ̀ ń bá a jà nìyẹn. Bí kò bá dín kù, inú ọ̀rá ẹja ló máa lọ jókòó sí. Láti ibẹ̀ ni Dókítà á ti ṣírò iye tó máa wà lára ẹja odindi. Èmi ni mo ń bọ ẹ̀dọ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún un. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ẹ̀dọ̀ bíbọ̀ ṣe. Ó ní, "Màmá, ẹ̀dọ̀ tí iná ti pa ò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Bí kẹ́míkà bá dín kù nínú ìgò tiẹ̀ náà, a jẹ́ pé ara ìgò ló lẹ̀ mọ́, kì í ṣe ẹ̀dọ̀ ló fọ́ ọ." Ó bá mi lára mu. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, mo sì máa ń ròyìn rẹ̀ nílé. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ títí, wọ́n ní, "O dàgbà tán, o wá lọ ń se ẹ̀dọ̀ fún ìgò."

Kẹ́míkà kan wà tó ń jáde láti àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lókè odò. N kò lè pe orúkọ rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, gọ́tà wọn á kún, á sì ya sódò. Ìgò Dókítà ti sọ pé ẹ̀dọ̀ ẹja àrọ̀ ń bá kẹ́míkà náà jà, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, débi pé ẹja tó bá ń gbé inú rẹ̀ lójoojúmọ́ ò ní lè fọ́ ọ tán. Ó kọ iye tó yẹ kó wà lára irú ẹja bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ó wá kù kó rí ẹja kòtò gidi, kó wò ó bóyá òótọ́ ni ìgò sọ. Mo ní mo mọ kòtò kan.

Mo mú un wá sílé. Ìyá Àgbà wo ṣòkòtò rẹ̀ láti òkè délẹ̀, wọ́n bi mí bóyá ọkùnrin ni. Dókítà kúnlẹ̀ sórí erùpẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò náà, ó kí wọn dáadáa. Ìyẹn mú ọkàn wọn rọ̀. Wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ kẹrin. Nígbà tó dé, ẹja mẹ́wàá tó tóbi jù ni wọ́n kó fún un, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe kó o nínú dúrọ́ọ̀mù, kò sì ta mí lára rárá. Níbo ni ènìyàn á ti kó ẹja fún ará ìta, bí kò ṣe inú dúrọ́ọ̀mù? Ìyá Àgbà tiẹ̀ fi ọmọrí bò ó. Wọ́n ní, "Ọmọ ẹlòmíì ò ní gbé òórùn ẹrẹ̀ ilé mi lọ sílé ìwé."

Ẹ̀rọ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkankan lára ẹja mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Dókítà tún un wò. Kò sí nǹkankan. Ọdún méjì ló ti fi ṣe iṣẹ́ ìgò yìí, ìgò sì ti parọ́ fún un. Ó kọ́kọ́ rò pé yìnyín ló yọ́ kí ẹ̀dọ̀ àkọ́kọ́ tó dé, tí agbára rẹ̀ fi dín kù. Ó bi mí bóyá mo ti pààrọ̀ ìgò ẹ̀dọ̀ bíbọ̀ pẹ̀lú ti tútù. Ó fi ọ̀wọ̀ bi mí ni, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń bí. Ọjọ́ mẹ́rin ni n kò fi lè jẹun dáadáa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún, mo ń da omi dúrọ́ọ̀mù nù lẹ́yìnkùlé gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, mo sì dúró pẹ̀lú garawa lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́ta tí ẹja fi wà nínú omi mímọ́, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò sùn. Ó ń bá èyí tó ti wà lára jà lọ, tuntun ò sì wọlé mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Dókítà da àwọ̀n sínú kòtò fúnra wa, a sì kó ẹja láti inú kòtò tààrà sórí yìnyín. Iye tí ìgò ti sọ ni ẹ̀rọ rí lára wọn, kò yà kúrò níbẹ̀ rárá. Dókítà tún ṣírò ọjọ́ mẹ́ta sí i, iye tó kù lára ẹja dúrọ́ọ̀mù gan-an ló jáde. Ìgò ò parọ́ rárá. Dókítà fi orí lé mi léjìká, ó sunkún díẹ̀.

Ó ní dandan, òun á wá sọ fún Ìyá Àgbà. A bá wọn lórí àga wọn níwájú ilé. Ó ṣàlàyé, èmi ń tún un sọ. Nígbà tí ó yé wọn pé omi wọn ń lé kẹ́míkà kúrò lára ẹja, inú wọn dùn débi pé wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó lu òǹtẹ̀ sí i, àwọn á gbé e kọ́ síbi tí oníbàárà á ti rí i. Dókítà ní kẹ́míkà yìí nìkan ni òun lè sọ̀rọ̀ lé lórí o, pé òmíràn wà tí ẹ̀dọ̀ ò lè fọwọ́ kàn, tí oṣù kan nínú omi mímọ́ ò ní ṣe ní nǹkankan. Ó dà bíi pé wọn ò gbọ́ ìyẹn. Ó wá bèèrè jẹ́jẹ́ pé àwọn ẹja tí kì í dé inú dúrọ́ọ̀mù ńkọ́, ta ló ń jẹ ẹ́?

Ṣadé jókòó lójú ilẹ̀kùn, abọ́ ọbẹ̀ wà lórí oyún rẹ̀.

Ṣadé lọmọ mi. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, òun ló kù. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù karùn-ún. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ṣíìfù, ọ̀sán lónìí, òru lọ́la, ní Agbára, wọ́n ń gbé yàrá kan ṣoṣo níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti ní kó sinmi, ló bá wá bá wa gbé. Ìyá Àgbà fẹ́ràn rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe fẹ́ràn èmi lọ. Lójoojúmọ́, àwọn ni wọ́n ń bu oúnjẹ rẹ̀, orí ẹja, ìrù ẹja, ẹ̀dọ̀ ẹja. Wọ́n ní aboyún ò gbọdọ̀ jẹun tí kò lẹ́ja. Ẹja bàsíà kẹta ni gbogbo rẹ̀.

Dókítà fà mí sẹ́yìn nígbà tó ń lọ. Ó ní kò tíì sí ẹni tó mọ gbogbo ohun tí kẹ́míkà yẹn lè ṣe fún ọmọ inú, ìdí nìyẹn tí òun ò fi ní jẹ́ kí aboyún fẹnu kàn án. N kò bi í lọ́jọ́ yẹn nípa àwọn ọmọ mẹ́ta tí mo sin. Mo bi í nígbà tó yá, ó ní kò sí ẹni tó lè sọ.

Mo lọ bá Ìyá Àgbà pẹ̀lú sùúrù. N kò ní kí wọ́n ti kòtò. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ò ju ẹja dúrọ́ọ̀mù kan lọ lọ́jọ́ kan fún Ṣadé, títí tó máa fi bímọ. Wọ́n ní rárá. Mo ra á lọ́wọ́ wọn bí oníbàárà, wọ́n tà á fún mi láìdín kọ́bọ̀. Mo sè é. Kí n tó gbé e dé, Ṣadé ti jẹ tiwọn yó. Ó ní, "Màámi, ẹ̀yin náà ẹ máa ń bínú sí wọn jù." Mo padà lọ bẹ̀ wọ́n. Mo ní ṣé nítorí ẹja kan? Wọ́n fi ọ̀pá wọn lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Bí mo bá fún un ní ti dúrọ́ọ̀mù lónìí, kí ni mo fẹ́ sọ pé mo fún ẹ̀yin látàná?"

Ìgbà yẹn ló yé mi. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo ohun tí Dókítà sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

N kò dákẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba abọ́ lọ́wọ́ Ṣadé. Ìyá Àgbà ránṣẹ́ pe ìdílé. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni, àgbàlá kún. Bọ̀dá Rẹ̀mí, ọmọ wọn tó kéré jù, tí ó ń bá wọn ṣètò ọjà, ló sọ̀rọ̀ jù. Ó ní mo fẹ́ ba orúkọ ìyá òun jẹ́ lójú oníbàárà. Ó ní, "Ṣé ìgò tó ò ń fọ̀ ló sọ ẹ́ di dókítà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo wa la jẹ ẹja yìí dàgbà, ta ló kú? Ìyá Àgbà náà dá sí i, wọ́n ní, "Òun náà, ẹja yìí ni mo fi bọ́ ọ. Ẹ wò ó bó ṣe sanra."

Mo dìde. N kò gbé ohùn sókè, n kì í gbé ohùn sókè. Mo ní, "Ọmọ mẹ́ta ni mo sin. Inú ìkòkò yìí ni mo máa ń ti ilé ọkọ wá jẹun nígbà oyún wọn. N kò sọ pé ẹja ló pa wọ́n. N kò mọ̀. Ẹ̀yin náà ò mọ̀."

Ẹnì kan pòṣé. Ṣadé wà láàárín wọn, wọ́n ti bu oúnjẹ fún un kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ti bù ú gbé sẹ́nu, bóyá láti fi hàn pé ẹ̀yìn Ìyá Àgbà lòun wà. Ìyá Àgbà dìde lórí àga wọn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gba abọ́ lórí oyún rẹ̀, wọ́n jókòó tì í, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Wọ́n jẹ orí ẹja, wọ́n fa egungun rẹ̀ mu, wọ́n jẹ ẹ̀dọ̀, wọ́n lá ọbẹ̀. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Kò ku nǹkankan sínú abọ́. Bọ̀dá Rẹ̀mí pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ẹ ò rí i, ẹja tí wọ́n ní ó ń pa ènìyàn nìyẹn. Èmi nìkan ni mo ń wo Ṣadé, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ìyá Àgbà nu ẹnu, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ parí."

Nígbà tí ìdílé tú ká, Ìyá Àgbà pè mí sẹ́yìnkùlé. Òòrùn ṣì wà lókè. Wọ́n ní kí n jókòó, n kò jókòó.

"Gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ lọ́la."

Mo ní ta ni?

"Má fi mí ṣe òmùgọ̀. Kó lọ máa jẹ ẹyin. Ẹyin dáa."

Mo bi wọ́n pé ṣé àwọn fúnra wọn á sọ fún Ṣadé, àbí fún Bọ̀dá Rẹ̀mí. Wọ́n ní, "Ìwọ lo gbé e lọ. Ìwọ lo já a gbà mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì bú ẹ. Ohun tí wọ́n máa gbọ́ nìyẹn. Ìkòkò mi ni mo fi tọ́ gbogbo yín, n kò ní fẹnu ara mi sọ pé kò dáa."

Mo ní, "Èmi wá ni wọ́n á máa bú."

"O lágbára rẹ̀."

Mo gbà. Kí ni mo tún máa ṣe? Ohun tí mo ń wá ni mo rí yẹn. Mo kàn rò pé eré ọjọ́ kan ni, pé bí ọmọ bá dé, a ó jọ rẹ́rìn-ín sí i.

Ní àárọ̀, mo pe kẹ̀kẹ́ Màrúwà. Mo di ẹrù Ṣadé, ó ń sunkún. Ìyá Àgbà jáde sójú ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá. Wọ́n bú mi kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́: aláìmoore, ẹni tí wọ́n gbé tọ́ láti ọmọ ọdún méjì, ẹni tó fẹ́ dá nìkan gbádùn ọmọ ọmọ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yọjú lórí ògiri. Mo fèsì díẹ̀, kó lè jọ òótọ́. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo fèsì.

Nígbà tí a jókòó tán, tí oníkẹ̀kẹ́ ti ṣíná sí kẹ̀kẹ́, Ìyá Àgbà sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo wà. Wọn ò bú mi mọ́. Wọ́n tẹ̀ síwájú, ojú wọn dé ojú mi, ohùn wọn sì rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Ṣadé tó jókòó tì mí ò fi gbọ́.

"Ìwọ má padà wá."

Ìyẹn kì í ṣe fún àwọn ará àdúgbò. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn lójú gbogbo ìdílé, Ìyá Àgbà ti jẹ abọ́ yẹn tán nítorí rẹ̀, wọn ò sì fẹ́ máa rí ojú tó mọ ìdí tí wọ́n fi jẹ ẹ́. Mo háyà yàrá sí Ṣàngó. Ṣadé bí ọmọkùnrin, ó ti ń sáré kiri báyìí; ìyá rẹ̀ ṣì rò pé èmi ni mo da àárín òun àti Ìyá Àgbà rú. Mo ránṣẹ́ sílé lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò fèsì. Ọdún mẹ́ta ni mo fi pa àṣírí náà mọ́ fún wọn bí wọ́n ṣe fẹ́. Mo padà sójúlé yẹn lóṣù tó kọjá, mo bu erùpẹ̀ lé wọn bí àwọn yòókù, mo sì gbọ́n ọwọ́ mi.